Ìbò Tí A Kò Kà, Ogun Tí A Jà

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfíra sọdá Odò Ọya, wọ́n gba ìlú Bìní láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n ti dé Ọ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà jíjìn sí Ìdànrè. Oko kòkó àwọn ará Òdòdè, Àlàdé àti Àtòsìn na ọwọ́ lọ sí ìhà gúúsù yẹn títí wọnú ẹgàn. Ogun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń pè ní ìjà Ìgbò àti Hausa ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gágun tó sì kó wọn wá kì í ṣe Ìgbò: Victor Banjo ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Lónìí, bí a bá bi àwọn èèyàn pé ìgbà wo ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, àwọn kan á dárúkọ ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967, tí ìbọn kọ́kọ́ dún. Àwọn mìíràn á ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966 ni, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ológun pa àwọn olórí ìjọba. Èmi gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn, nínú ilé aṣòfin ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ Ẹtì kan tí ológun kankan kò bá wọn dá sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn kan kọ̀ kí a ka ìbò.

Orílẹ̀-èdè tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kì í ṣe nǹkan tuntun. Kò sí ibi tí àwọn olóṣèlú kì í ti í jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilẹ̀ ńlá kan tí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ kì í fura sí ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ìjà àti ìfura nìkan ló ń bí ogun abẹ́lé, Nàìjíríà ì bá ti jà á nígbà ogún. Ohun tí mo rí nínú ìtàn wa, tí mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ níbí, ni pé ogun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn méjì tó ń jà kò bá ní adájọ́ kankan mọ́ tí wọ́n jọ gbà. Adájọ́ tí mo ń sọ lè jẹ́ ilé ẹjọ́, ó lè jẹ́ àjọ elétò ìdìbò, ó lè jẹ́ akọ̀wé tó ń ka ọwọ́ nínú ilé aṣòfin, àní ó lè jẹ́ ẹni tó ń ka orí èèyàn lójúlé dójúlé. Bí ẹnì kan nínú àwọn tó ń jà bá ti fi agbára fa adájọ́ náà mọ́ra, ẹnì kejì kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ mọ́ àfi ojú títì.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó di olórí alátakò ní Èkó, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì gorí àga ní Ìbàdàn. Ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni àwọn méjèèjì. Ní ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ní oṣù kejì ọdún 1962, ìjà àárín wọn bọ́ síta: Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa ta ko ìjọba àpapọ̀ lọ, Akíntọ́lá fẹ́ kí Yorùbá wọlé lọ bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Mi ò ní sọ ẹni tó jàre nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́gbọ́n méjì lè jiyàn lé lórí ni. Ní oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá fipò sílẹ̀, ó kọ̀. Ọmọ ilé aṣòfin 66, tó ju ìdajì ilé lọ, fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, di ìwé yẹn mú, ó yọ ọ́ ní ọjọ́ 21, ó sì fi Olóyè Dáúdà Ṣóróyè Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25, ilé pé jọ láti dìbò bóyá wọ́n fara mọ́ Pírẹ́míà tuntun. Iṣẹ́ tí kò gbà ju wákàtí kan lọ ni: kí wọ́n nawọ́, kí akọ̀wé kà á, kí ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù máa ṣèjọba lọ. Kò ṣeé ṣe. E. O. Oke, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, fò dìde, ó ń lu agogo, ó ń pariwo pé iná ń jó. Ebubedike, tí òun náà wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, gbá ọ̀pá àṣẹ ilé mú, ó fẹ́ là á mọ́ olórí ilé. Kò bà á, tábìlì ló bà, ọ̀pá náà sì ṣẹ́. Àga ń fò. Ọlọ́pàá da tajútajú sáàárín wọn. Nígbà tí wọ́n tún jókòó lẹ́yìn ìyẹn, ìjà náà tún bẹ̀rẹ̀. Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, sì ti sọ pé òun kò ní gba ìpinnu tí ilé bá ṣe níṣojú ọlọ́pàá. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà méjèèjì ti dí: láìsí ọlọ́pàá, wọn kò ní jẹ́ kí a kà á, bí ọlọ́pàá bá sì wà níbẹ̀, ohun tí a bá kà kò ní jámọ́ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìlú kò fara rọ ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fi Dókítà Moses Adékóyèjọ Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó fún oṣù mẹ́fà. Níbí ni mo fẹ́ ká ti dúró díẹ̀. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń ju àga nínú ilé yẹn. Ẹni tó mọ̀ pé iye òun kò tó ló ń jèrè nínú rúkèrúdò, nítorí rúkèrúdò nìkan ló lè dí kíkà ìbò lọ́wọ́. Ìjọba tó wá fi rúkèrúdò náà ṣe ìdí láti ti ilé pa ti kọ́ gbogbo olóṣèlú Nàìjíríà pé bí o bá ti rí i pé o máa pàdánù, da ilé rú. Ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì kúrò lára wọn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker dìde lórí owó àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Òótọ́ ni pé owó ìlú àti owó ẹgbẹ́ ti wọnú ara wọn, ó sì yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, ó sì wẹ Akíntọ́lá mọ́, ẹni tó jẹ́ Pírẹ́míà láti ìparí ọdún 1959. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1963, wọ́n dá Akíntọ́lá padà sórí àga láìsí ìbò kankan.

Ilé ẹjọ́ ṣì kù. Ní oṣù keje ọdún 1962, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Èkó ti sọ pé gómìnà kò lè yọ Pírẹ́míà àfi bí ilé bá dìbò pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Ìdájọ́ yẹn ní ọgbọ́n nínú, nítorí ìwé tí a fọwọ́ sí nínú yàrá kì í ṣe ìbò tí a dì ní gbangba. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ní kó dìbò náà ni wọ́n ti tì pa. Adégbénró gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a láre ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1963. Kí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe? Wọ́n yí òfin padà, wọ́n ní kí àyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, kí ìdájọ́ náà lè di asán. Nígbà tí Nàìjíríà yọ ọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí ara rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, gbígbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tán síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí òyìnbó máa dájọ́ fún wa títí ayé, kò sì sí ọmọlúàbí tó fẹ́ ẹ. Ohun tó dun èèyàn ni pé wọ́n pa adájọ́ tó jìnnà tì nígbà tí wọ́n ti rí i pé ó lè dá wọn lẹ́bi, wọn kò sì jẹ́ kí ti ilé dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 kan náà, Adájọ́ Sodeinde Sowemimo rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Olórí alátakò orílẹ̀-èdè wà lẹ́wọ̀n ní Kàlàbá, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn sí.

Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo nǹkan tó yẹ kí a fi kà ló ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkànìyàn ọdún 1962 di àríyànjiyàn, wọ́n pa á tì, wọ́n tún un kà lọ́dún 1963. Èsì rẹ̀ ní èèyàn mílíọ̀nù 55.6 ni wá, Àríwá nìkan sì ju ìdajì lọ. Ìjọba Ìlà-Oòrùn lábẹ́ Dókítà Michael Okpara kọ̀ ọ́, ó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lábẹ́ àṣẹ òun. Níbi ìbò àpapọ̀ ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1964, ẹgbẹ́ alátakò ní kí àwọn èèyàn wọn má dìbò, ìbò kò sì wáyé ní Ìlà-Oòrùn. Ààrẹ Nnamdi Azikiwe kọ̀ láti ní kí Balewa ṣèjọba. Títí di ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1965, àwọn méjèèjì ń wo ojú ara wọn, wọ́n sì ń bi àwọn ọ̀gá ológun léèrè pé ti ta ni wọ́n á ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn: àwọn olóṣèlú fúnra wọn ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìjọba lọ ológun. Ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ tuntun tí Akíntọ́lá ń darí, gbé èsì jáde lórí rédíò, Adégbénró náà kéde èsì tirẹ̀, wọ́n sì mú un. Èsì méjì, Pírẹ́míà méjì, kò sí adájọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni wẹ́tìẹ̀: kí wọ́n gbé agolo pẹtiróòlù, kí wọ́n wọ́n ọn sí ara ilé, sí mọ́tò, àní sí ara èèyàn, kí wọ́n ṣáná sí i.

Àgbẹ̀ kòkó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Lásìkò ìbò, bóòdù tó ń ra kòkó ti gbé owó sókè. Nígbà tí ìbò Ìwọ̀-Oòrùn kọjá, owó náà já lulẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Lóòótọ́, owó kòkó já wálẹ̀ káàkiri ayé lọ́dún yẹn, kì í ṣe Akíntọ́lá ló já a. Ṣùgbọ́n kí ló fà á tí àgbẹ̀ kò fi gbà bẹ́ẹ̀? Ní ìsọ̀ kòkó, àgbẹ̀ a gbé àpò lé òṣùwọ̀n, alágbàtà a máa sún irin kékeré náà lórí ọ̀pá, àwọn méjèèjì a sì jọ tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n lè jiyàn lórí owó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò séwu. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá mọ̀ pé alágbàtà ti dọ́gbọ́n sí òṣùwọ̀n, òótọ́ tí alágbàtà bá sọ gan-an di irọ́ létí rẹ̀, àdá ló sì kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba tó jí ìbò ṣe máa ń rí: ó lè sọ òótọ́ nípa owó kòkó, kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jinlẹ̀ tó, pé ẹ̀yà ló da Nàìjíríà rú, pé èèyàn tí èdè wọn kò dọ́gba kò lè gbé pọ̀ kí wọ́n má jà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń rò bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Ìgbò ni wọ́n pa ní Àríwá ní ọdún 1966 nítorí pé wọ́n jẹ́ Ìgbò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí iná náà ti ràn wá. Yorùbá àti Yorùbá ni wọ́n ń jó ara wọn nílé ní ọdún 1965. Èdè kan náà ni Dẹ́mọ̀ àti Ọlọ́pẹ ń sọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Bí ẹ bá tún wò ó lọ sẹ́yìn, ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, kò sì tán pátápátá títí di ọdún 1893, ọmọ Odùduwà nìkan ló sì ń pa ọmọ Odùduwà nínú rẹ̀. Kí ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Aláàfin ló yẹ kó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn fura pé ó ń ti àwọn ọ̀tá wọn lẹ́yìn. Ifẹ̀ tó jẹ́ orísun fúnra rẹ̀ ti wọnú ìjà náà. Kò sí ààfin kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn méjèèjì lè jókòó sí. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1886, àwọn tó ń rìn láàárín bùdó méjèèjì ni Samuel Johnson àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó fi ìlú Oǹdó ṣe ibùjókòó. Wọn kò ní ọmọ ogun, agbára wọn kò sì ju pé àwọn méjèèjì gbà pé wọn kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan lọ. Ìyàtọ̀ ẹ̀yà jẹ́ igi gbígbẹ, mo gbà. Igi gbígbẹ kì í ṣáná sí ara rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ológun ló bà á jẹ́. Àwọn ológun ní ẹ̀bi tiwọn, ó sì pọ̀. Àwọn tó pa Balewa, Akíntọ́lá àti Ahmadu Bello, Pírẹ́míà Àríwá, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966 pa èèyàn ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, wọ́n sì sọ iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn ológun mìíràn pa Ọ̀gágun Ironsi, olórí ìjọba ológun, àti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ayọ̀ tó gba Ìwọ̀-Oòrùn kan nígbà tí ìròyìn oṣù kìíní jáde. Àwọn èèyàn tí kò rí ibi tí wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ wọn ní ìtùnbí-ìnùbí ló yọ̀ sí ìbọn. Nígbà tí ológun sì ti di adájọ́ ara rẹ̀, ta ni yóò dájọ́ láàárín ológun àti ológun? Ìdí nìyí tí ìpàdé Aburi, ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù kìíní ọdún 1967, kò fi lè gbà wá. Gowon, tó gba ipò Ironsi, àti Ojukwu, gómìnà Ìlà-Oòrùn, jókòó pọ̀ ní Gáná, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n jọ gbà pé àwọn kò ní lo agbára. Wọ́n padà sílé, oníkálùkù sì ń sọ ohun tí òun gbọ́: Ojukwu ní a ti gbà kí ìjọba àgbègbè lágbára jù, àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n gba ohùn gbogbo ìpàdé náà sílẹ̀ lórí téèpù, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan tó lè tẹ́tí sí i kí ó sọ fún àwọn méjèèjì pé ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí nìyí. Àwọn tó gbìyànjú láti dúró sáàárín di ọ̀tá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọlé Ṣóyínká lọ bá Ojukwu sọ̀rọ̀, ìjọba àpapọ̀ sì tì í mọ́lé ní ọdún 1967, ọdún kan náà tí ìwé ewì rẹ̀ tó gba orúkọ Ìdànrè jáde. Banjo ní tirẹ̀, Bìáfíra ló yìnbọn pa á. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ní ọjọ́ 30, Ojukwu kéde Bìáfíra. Àwọn àgbà wa ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré, òótọ́ sì ni láàárín ọ̀rẹ́. Láàárín àwọn tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, ìgbàgbé láìsí onídùúró kò lè gbé àdéhùn ró.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ kò jìnnà, ní Àkúrẹ́ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, wọ́n dìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Olóyè Adékúnlé Ajásin wà lórí àga, igbákejì rẹ̀ àtijọ́, Akin Ọmọ́boríowó, sì bá a dù ú lábẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé, ìpínlẹ̀ náà gbiná. Wọ́n jó ilé, wọ́n pa èèyàn. Ọláìyá Fágbàmígbé, òǹtẹ̀wé tí gbogbo òǹkàwé Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó kú. Ó dà bíi pé wẹ́tìẹ̀ ti padà. Àwọn èèyàn kò dúró de ilé ẹjọ́, nítorí ọdún 1965 ti kọ́ wọn pé kò sí ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú àwọn adájọ́, wọ́n ka èsì ìbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dá Ajásin láre. Kí ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá tó pé, ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì tún búra. Iná kú. Àwọn ológun gba ìjọba ní òpin ọdún yẹn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjà Oǹdó kọ́ ló tan orílẹ̀-èdè ká bíi ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 2007, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀: wọ́n kéde Olúṣẹ́gun Àgágù, Olúṣẹ́gun Mímikò gba ilé ẹjọ́ lọ. Oṣù méjìlélógún ni ẹjọ́ náà fi rìn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Bìní ní Mímikò ló wọlé, Àgágù sì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó yẹ ká yin ẹni tó jáde náà. Kò pe jàǹdùkú, kò sì ní òun kò gbà. Ilẹ̀ kan náà, èèyàn kan náà, ìbínú kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1965 àti 2009 ni pé a rí ẹni kà á, ẹni tó pàdánù sì gbà.

Mo gbọ́ ohun tí òǹkàwé ń sọ: ilé ẹjọ́ òní ti di ọjà, ta ló fẹ́ lọ síbẹ̀? Ìbéèrè tó lágbára ni, mi ò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Adájọ́ tí a ti rà burú ju àìsí adájọ́ lọ, nítorí ó ń fi aṣọ òfin bo olè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Côte d'Ivoire nìyẹn. Lẹ́yìn ìbò ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2010, àjọ elétò ìdìbò ní Alassane Ouattara ló wọlé. Ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà, tí olórí rẹ̀ jẹ́ èèyàn Laurent Gbagbo, ààrẹ tó wà lórí àga, fagi lé ìbò àwọn àgbègbè kan ní àríwá, wọ́n sì ní Gbagbo ló wọlé. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì búra. Ouattara ní kí wọ́n má kó kòkó jáde mọ́, owó kòkó sì fò sókè lágbàáyé títí kan àwọn ìsọ̀ tiwa. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló kú kí wọ́n tó mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn ará Èjìgbò tó fi Abidjan ṣe ilé sì wà láàárín ìbọn. Ní Gáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Nana Akufo-Addo gbé èsì ìbò ọdún 2012 lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, wọ́n gbé ìgbẹ́jọ́ náà sórí tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ìlú máa wò ó, ó pàdánù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2013, ó sì gbà. Ní ọdún 2016 ó tún du ipò náà, ó wọlé. Ẹni tó mọ̀ pé ìgbà mìíràn ń bọ̀ lè gba ìdájọ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ẹni tó ní ilé ẹjọ́ ti bàjẹ́ ni pé òótọ́ ló sọ, ohun tó sì yẹ kó dẹ́rù bà wá jù lọ nìyẹn, ju ariwo àwọn tó ń pè fún pípín lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni Ìpínlẹ̀ Rivers. Gómìnà Siminalayi Fubara àti ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, Nyesom Wike, jà. Ilé aṣòfin jóná ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n sì wó o ní oṣù kejìlá. Ọmọ ilé 27 ń jókòó síbì kan, ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò tó mẹ́fà ń jókòó síbòmíràn, wọ́n sì ń fọwọ́ sí ìṣúná ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé ìlú kò fara rọ, ó yọ gómìnà àti àwọn aṣòfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi Ibok-Ete Ibas ṣe alábòójútó fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà náà ni ti Májẹ̀kódùnmí. Ìwé òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní kí àwọn tó gbà pariwo bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tí kò gbà pariwo bẹ́ẹ̀ kọ́, olórí ilé sì lu òòlù. A kì í fi etí ka ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn sọ pé Rivers fara balẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìyẹn fi hàn pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn náà fara balẹ̀ ní ìparí ọdún 1962. Mi ò sọ pé Rivers yóò di Ìwọ̀-Oòrùn. Mo ń sọ pé àlàáfíà oṣù mẹ́fà kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá ìjà ti parí.

Ohun tí a lè ṣe kò pamọ́. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Mohammed Uwais darí gbé ìwé rẹ̀ fún Ààrẹ Yar'Adua ní oṣù kejìlá ọdún 2008. Wọ́n dá a lábàá pé kí yíyan alága àjọ elétò ìdìbò kúrò lọ́wọ́ ààrẹ, kí ó bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́, kí ẹjọ́ ìbò sì parí kí ẹnikẹ́ni tó búra. Àtúnṣe òfin ọdún 2010 mú díẹ̀ nínú rẹ̀: ó fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò ní ọjọ́ 180, ó sì fún ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 60, kí irú oṣù méjìlélógún ti Oǹdó má bàa wáyé mọ́. Ó fi àbá méjì tó wúwo jù sílẹ̀. Ààrẹ, tí òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́ olùdíje, ló ṣì ń yan ẹni tí yóò ka ìbò. Ní ọdún 2023, a dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, ẹni tí wọ́n kéde búra ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì parí ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá. Fún oṣù márùn-ún tó wà láàárín ọjọ́ ìbúra àti ọjọ́ ìdájọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣẹjọ́ ló ń pàṣẹ fún ọlọ́pàá, fún ológun àti fún àpò ìjọba, èkejì sì ń gba ilé rẹ̀ lọ sí kóòtù. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tó bá fẹ́ yí ìyẹn padà kò nílò ìwádìí tuntun kankan. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn láti ọdún 2008.